Ìwọ̀n Ẹsẹ̀ Ọmọdé

Ìbéèrè kan wà tí ó dàbí ẹni pé ó kéré, ṣùgbọ́n tí ó jinlẹ̀ nígbà tí a bá yẹ̀ ẹ́ wò dáradára. Ìbéèrè náà ni èyí: nígbà tí àgbà àti ọmọdé bá jọ ń rin ọ̀nà jíjìn, ẹsẹ̀ ta ni ó tọ́ kí a fi díwọ̀n ìrìn? Ṣé ẹsẹ̀ àgbà ni, ẹni tí ó mọ ibi tí à ń lọ, tí ó sì san owó ọkọ̀? Tàbí ẹsẹ̀ ọmọdé ni, ẹni tí kò mọ ọ̀nà, tí kò ní owó, tí a kò sì bi léèrè kí a tó gbé e kúrò nílé? A fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ yìí kalẹ̀ níwájú ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, nítorí pé ṣàṣà ni ilé tí a ti ń ka ìwé yìí tí kò ní pa ẹrù mọ́ ní ọjọ́ kan, kí ó sì kó ọmọ wẹ́wẹ́ wọ ọkọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìlú kan ṣe àpẹẹrẹ. Àyèká wà ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀, kò sì jìnnà sí Òkìtìpupa. Ẹni tí ó bá ń kó kúrò níbẹ̀ lọ sí Èkó tàbí sí ìlú Benin yóò kọ́kọ́ dé Òkìtìpupa. Láti ibẹ̀ yóò wọ ọkọ̀ lọ sí Òrè, níbi tí ọ̀nà ńlá tí ó ti Ṣàgámù lọ sí Benin gbé kọjá. Ní Òrè ni ọ̀nà ti yà: ẹni tí ń lọ sí Èkó yóò kọjú sí ìwọ̀ oòrùn, ẹni tí ń lọ sí Benin yóò kọjú sí ìlà oòrùn. Olùkọ́ tí a gbé lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn, katikíìsì tí a fi sí ìjọ mìíràn, oníṣòwò tí ọjà rẹ̀ kò tà mọ́, opó tí ń padà sí ilé baba rẹ̀, gbogbo wọn ni ó ń gba ọ̀nà yìí. Bí ẹ bá dúró ní gáréèjì ní ìparí táàmù, ẹ ó rí wọn pẹ̀lú ẹní, àwo, ìkòkò, agbọ̀n adìẹ àti àpò púpurú, ẹ ó sì rí ọmọ mẹ́ta tàbí mẹ́rin láàárín ẹrù náà tí wọ́n ń wo ojú ìyá wọn.

Ẹ ṣàkíyèsí ohun kan níbẹ̀. Kí ọkọ̀ tó gbéra, ọmọkùnrin kan a gun orí rẹ̀, a fi okùn so ẹrù yíká, a fa okùn náà títí yóò fi le, a sì tún mi ẹrù wò bóyá ó lè já bọ́. Bẹ́ẹ̀ ni a so ìkòkò, bẹ́ẹ̀ ni a so àga. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún méjì tí ó jókòó sí itan ìyá rẹ̀ nínú ọkọ̀ kan náà, kò sí okùn kan tí ó so ó mọ́ ohunkóhun. Nígbà tí dẹ́rẹ́bà bá sì ń ka èrò, ẹni tí ó sanwó ìjókòó ni yóò kà. Ọmọ tí a gbé lé itan kò sanwó, nítorí náà kò sí nínú iye. Ohun tí a lè rà padà ní ọjà ni a so, tí a sì kà. Ẹni tí a kò lè rí rà ní ọjà kankan ni a kò so, tí a kò sì kà. Àwọn òbí tí ń ṣe bẹ́ẹ̀ fẹ́ràn ọmọ wọn bí àwa náà ti fẹ́ràn tiwa. Báwo ni ó ṣe wá rí bẹ́ẹ̀?

Láti dáhùn, ó yẹ kí a rántí bí a ti ń rìn kí ọkọ̀ tó dé. Omi àti ẹsẹ̀ ni ọ̀nà ilẹ̀ Ìkálẹ̀ nígbà náà. Ní 1872, nígbà tí ìjọba Èkó tún ọ̀nà Òǹdó ṣí, ọkọ̀ ọlọ́pọ́n ni èrò ń wọ̀ láti Èkó gba orí ọ̀sà títí dé etí ilẹ̀ Ìkálẹ̀, kí ó tó fi ẹsẹ̀ la igbó kọjá lọ sí Òǹdó. Lójú ọ̀nà bẹ́ẹ̀, ẹ̀yìn ìyá ni ìjókòó ọmọ, ọ̀já sì ni okùn tí a fi so ó. Bí ara ọmọ bá gbóná, ẹ̀yìn ìyá ni yóò kọ́kọ́ mọ̀. Bí àárẹ̀ bá mú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí ń fi ẹsẹ̀ rìn, ọwọ́ tí ìyá fi dì í mú ni yóò wúwo, ìyá yóò sì dúró lábẹ́ igi. Ẹni tí ń pinnu bí a ó ti yára tó, òun náà ni ó ń gbé ìwúwo ọmọ. Kò sí ìwé tí ó kọ́ ọ. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni ó kọ́ ọ.

A kò sọ pé ayé àtijọ́ sàn ju tiwa lọ. Ọ̀nà ìgbà náà ní ewu tirẹ̀, èyí tí ó burú jù sì ni ọwọ́ àwọn akónilẹ́rú. Ní 1821, a kó ìlú Òṣogùn. Àjàyí, ẹni tí ó di Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Ajayi Crowther lẹ́yìn náà, jẹ́ ọmọ bí ọdún 13. A mú un pẹ̀lú ìyá rẹ̀, àwọn arábìnrin rẹ̀ méjì àti ọmọ ìbátan wọn kan. Ọ̀kan nínú àwọn arábìnrin náà jẹ́ ọmọ ọwọ́ tí kò ju nǹkan bí oṣù mẹ́wàá lọ. A fi okùn sí wọn lọ́rùn, a sì dà wọ́n gba ọ̀nà Ìsẹ́yìn lọ. Ó di 1846, ní Abẹ́òkúta, kí Crowther tó tún fi ojú kan ìyá rẹ̀. Okùn wà lójú ọ̀nà ti Òṣogùn gẹ́gẹ́ bí ọ̀já ti wà lẹ́yìn ìyá, ṣùgbọ́n ẹni tí ó di okùn ti Òṣogùn mú kò gbé ìwúwo ẹnì kan. Èrè rẹ̀ nìkan ni ó ń rò, èrè náà ni ó sì fi díwọ̀n ìrìn. Ọmọ oṣù mẹ́wàá àti ọkùnrin alágbára, ọgbọọgba ni wọ́n lójú rẹ̀.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a padà sínú ọkọ̀ tí ó ń ti Òkìtìpupa bọ̀. Kò sí ẹni tí yóò fi dẹ́rẹ́bà wé akónilẹ́rú. Iṣẹ́ òótọ́ ni ó ń ṣe. Síbẹ̀, ìwúwo ọmọ kò dé ẹsẹ̀ tí ó fi ń tẹ ọkọ̀. Bí ó bá sáré, kò sí ohun tí ó dùn ún ní ẹ̀yìn. Ohun tí ó ń rò ni èrò tí yóò kó padà kí ilẹ̀ tó ṣú. Ìyá tí ó gbé ọmọ lé itan sì mọ ìwúwo ọmọ, ṣùgbọ́n kò ní àṣẹ lórí eré ọkọ̀. Mọ́tò ti ya ẹni tí ń pinnu kúrò lára ẹni tí ń gbé ìwúwo. Nítorí náà, ẹ̀kọ́ tí ẹ̀yìn ìyá ń kọ́ni láìsọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀ ti di ohun tí a gbọ́dọ̀ fi ọkàn rò, kí a sì fi ẹnu sọ. Bí a kò bá rò ó, kò sí ohun tí yóò rán wa létí títí ìjàǹbá yóò fi dé.

Ìṣirò díẹ̀ yóò ràn wá lọ́wọ́, ẹ̀yin olùkọ́ sì lè fi han kíláàsì yín lórí pátákó. Ọkọ̀ tí ń sá eré kìlómítà 50 ní wákàtí kan, bí ó bá ṣèèṣì kọlu ohun tí kò lè mì, ẹni tí kò so mọ́ ìjókòó nínú rẹ̀ yóò fi eré kan náà lu ohun tí ó wà níwájú rẹ̀. Eré náà dọ́gba pẹ̀lú eré ẹni tí ó já bọ́ láti ibi tí ó ga tó mítà 10, èyí tíí ṣe gíga ọ̀pẹ tí ó ti dàgbà. Bí eré ọkọ̀ bá di kìlómítà 100, gíga náà kò ní di ìlọ́po méjì, ìlọ́po mẹ́rin ni yóò dà: ó tó mítà 39, èyí tí í ṣe gíga ìrókò ńlá. Ọwọ́ ìyá kò sì lè dá ọmọ dúró nínú irú ìkọlù bẹ́ẹ̀, bí ó ti wù kí ó dì í mú tó, nítorí ọmọ kìlógírámù 10 yóò fà á bí ẹrù tí ó wúwo ju òun fúnra rẹ̀ lọ. Ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀ tí ọ̀pẹ pọ̀ sí, kò sí ìyá tí yóò gbé ọmọ fún ẹni tí ń gun ọ̀pẹ láìsí igbà. Ẹ̀rù yóò bà á láti rí i. Ṣùgbọ́n nínú ọkọ̀, ojú kò rí gíga, nítorí náà ẹ̀rù kò bà wá.

Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde ní 2023 pé ìjàǹbá ojú ọ̀nà ni ó ń pa àwọn ọmọ àti ọ̀dọ́ tí wọ́n wà láàárín ọdún 5 sí 29 ju ohunkóhun mìíràn lọ ní gbogbo ayé. Ní ilẹ̀ wa, ikú ojú ọ̀nà pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ìjọba àpapọ̀ fi dá Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó sílẹ̀ ní 1988, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká sì jẹ́ alága rẹ̀ àkọ́kọ́. Òfin dára, ẹ̀ṣọ́ sì dára. Ṣùgbọ́n ẹ̀ṣọ́ kò lè jókòó sínú gbogbo ọkọ̀. Ẹ̀rí-ọkàn ni ó lè jókòó níbẹ̀.

Nínú Ìwé Mímọ́, ẹnì kan wà tí ẹ̀rí-ọkàn rẹ̀ jókòó níbẹ̀. Ó wà nínú Gẹ́nẹ́sísì orí 33. Jákọ́bù ń ti ilé Lábánì bọ̀ pẹ̀lú aya, ọmọ àti agbo ẹran, ó sì pàdé Ísọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí ó ní 400 ọkùnrin lẹ́yìn. Nígbà tí wọ́n ti parí ìjà, Ísọ̀ ní kí àwọn jọ máa lọ. Ìpè ọlá ni, ààbò sì wà nínú rẹ̀, nítorí ta ni yóò dojú kọ 400 ọkùnrin lójú ọ̀nà? Ṣùgbọ́n Jákọ́bù bẹ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé kí ó máa lọ níwájú. Ó ní àwọn ọmọ òun kò lágbára, agbo ẹran òun sì ní àwọn tí ń fọ́mọ lọ́mú. Bí a bá dà wọ́n ní ìdàkúdà ní ọjọ́ kan ṣoṣo, agbo yóò kú. Òun yóò máa bọ̀ jẹ́jẹ́, ní ìwọ̀n tí àwọn ọmọ lè rìn. Ẹ wo ọkùnrin yìí! Ó ti lo ogbọ́n àyínìke púpọ̀ ní ayé rẹ̀, ṣùgbọ́n ní ọjọ́ yìí ó fi ẹsẹ̀ ẹni tí ó kéré jù díwọ̀n ìrìn gbogbo ilé rẹ̀, kò sì tijú láti sọ ọ́ níwájú àwọn alágbára.

Àwọn kan yóò takò wá, ó sì yẹ kí a gbọ́ tiwọn. Àwọn kìíní yóò wí pé, "Ọlọ́run ni ó ń ṣọ́ ọmọ. A ti gbàdúrà kí a tó gbéra." A kò kẹ́gàn àdúrà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbé ọmọ rìn láìgbàdúrà. Ṣùgbọ́n ẹ rántí Mátíù orí 4. Èṣù gbé Olúwa wa lé góńgó tẹ́ńpìlì, ó ní kí ó bẹ́ sílẹ̀, nítorí àwọn áńgẹ́lì yóò gbé e. Olúwa wa kò sọ pé àwọn áńgẹ́lì kò lè gbé òun. Ó kọ̀ láti dán Ọlọ́run wò. Bí Ọmọ Ọlọ́run kò bá fi ara òun tìkára rẹ̀ dán Baba wò láti ibi gíga, ọ̀nà wo ni àwa yóò fi gbé ọmọ ẹlòmíràn, àní ọmọ tí Ọlọ́run fi sí ìkáwọ́ wa, lé gíga ìrókò, kí a sì pè é ní ìgbàgbọ́?

Àwọn kejì yóò wí pé, "Owó kò sí." Ọ̀rọ̀ yìí wúwo ju ti ìṣáájú lọ, a kò sì gbọ́dọ̀ fi ẹnu fẹ́ẹ́rẹ́ dá a lóhùn. Olùkọ́ tí ó ní ọmọ mẹ́rin, bí yóò bá san owó ìjókòó fún gbogbo wọn, ó lè ná owó oúnjẹ oṣù náà tán lójú ọ̀nà. A kò dá a lẹ́bi. Ohun tí a ń wí ni pé kí ó ṣírò owó ọmọ kí ó tó ṣírò owó ẹrù, nítorí àga àtijọ́ tí a san owó lé lórí láti Àyèká dé Èkó lè jẹ́ owó ìjókòó ọmọ kan. Bí ìjókòó méjì ni agbára rẹ̀ mọ fún àwọn ọmọ, kí ó wá ọkọ̀ tí ó ní ìgbànú ìjókòó, kí àwọn ọmọ jókòó sẹ́yìn, kí a má gbé ọmọ síwájú. Bí ọmọ ọwọ́ bá wà ní itan, kí ìyá má fi ìgbànú kan ṣoṣo yí ara rẹ̀ àti ọmọ ká, nítorí bí ọkọ̀ bá kọlu nǹkan, ara ìyá ni yóò tẹ ọmọ pa. Ẹni tí ó ní mọ́tò tirẹ̀, kí ó ra àga ọmọdé tí a ń dè mọ́ ìjókòó. Òun ni ọ̀já ọkọ̀.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ owó kan ẹlòmíràn pẹ̀lú. Ta ni ó rán olùkọ́ náà? Àwọn tí ń pín olùkọ́ àti òṣìṣẹ́ ìjọ káàkiri, bí wọ́n bá kọ ìwé pé kí ẹnì kan wà ní ibùdó tuntun láàárín ọjọ́ díẹ̀, tí wọn kò sì ka iye ọmọ rẹ̀, àwọn ni wọ́n ti díwọ̀n ìrìn láìwo ẹsẹ̀ ẹni tí yóò rìn ín. Ẹni tí ó ránni níṣẹ́ ní láti mọ̀ pé òun kò rán ọkùnrin kan ṣoṣo. Ilé kan ni ó rán, ọmọ ọwọ́ sì wà nínú ilé náà.

Àwọn kẹta yóò wí pé ìgbà mìíràn wà tí kò sí àyè láti rọra. Òtítọ́ ni. Jósẹ́fù gbé ọmọ náà àti ìyá rẹ̀ ní òru lọ sí Íjíbítì, nítorí idà Hẹ́rọ́dù wà lẹ́yìn wọn. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Ghana lábẹ́ Busia pàṣẹ pé kí àwọn àjèjì tí kò ní ìwé àṣẹ ìgbélùú jáde láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀pọ̀ ìdílé Yorùbá, àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, Ìnísà, Èjìgbò àti Ọ̀fà, kó ọmọ tí a bí sí Ghana wọ lọ́rì, wọ́n sì gba Togo àti Dahomey ìgbà náà kọjá wá sí ilé tí àwọn ọmọ náà kò rí rí. Ní oṣù kìíní ọdún 1983, ìjọba Nàìjíríà ṣe irú rẹ̀ sí àwọn ará Ghana àti àwọn àjèjì mìíràn. Àwọn tí ó jáde ju mílíọ̀nù kan lọ, ọ̀pọ̀ pẹ̀lú ọmọ lọ́wọ́. Nínú irú ìrìn bẹ́ẹ̀, ẹ̀bi ìkánjú kò sí lọ́rùn òbí. Ó wà lọ́rùn ẹni tí ó gbé ọjọ́ kalẹ̀. Ṣùgbọ́n àwa tí ń lọ sí ibi ìgbéyàwó, tàbí tí a fẹ́ dé Èkó kí ilẹ̀ tó ṣú nítorí pé a jí pẹ́, ẹ jẹ́ kí a wo ẹ̀yìn wa dáradára kí a tó sáré. Hẹ́rọ́dù kò sí níbẹ̀.

Kí ni ìwọ̀n ẹsẹ̀ ọmọdé wá jẹ́ nínú ìṣe? Kí a gbéra ní kùtùkùtù, kí a má fi òru rìn. Kí a máa dúró ní bí wákàtí méjì méjì, kí ọmọ nà ẹsẹ̀, kí ó mu omi, kí ó tọ̀. Kí àwọn èrò yòókù má pariwo mọ́ ìyá tí ó bẹ dẹ́rẹ́bà pé kí ó dúró nítorí ọmọ. Ìdúró ìṣẹ́jú márùn-ún kò ba ìrìn ẹnikẹ́ni jẹ́. Kí a má fi ọmọ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ títì lábẹ́ oòrùn, bí ó ti wù kí ó kúrú mọ. Kí a sì ka ọmọ ní gbogbo ibi tí a bá ti sọ̀kalẹ̀, pàápàá ní Òrè níbi tí èrò àti ọlọ́jà pọ̀ bí eṣú. Lúùkù orí 2 sọ fún wa pé Jósẹ́fù àti Màríà, ẹni rere méjèèjì, rin ìrìn ọjọ́ kan kúrò ní Jerúsálẹ́mù nítorí wọ́n ṣèbí ọmọ wà láàárín ẹgbẹ́ èrò. "A ṣèbí" kò tó nínú ọ̀rọ̀ ọmọ. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ti dàgbà, iṣẹ́ kíkà yìí lè jẹ́ tiyín. Ẹ di àbúrò yín mú, bí eré ọkọ̀ bá sì pọ̀ jù, ẹ fi ọ̀wọ̀ sọ ọ́ fún àgbà tí ó wà nítòsí kí ó lè bá dẹ́rẹ́bà sọ̀rọ̀.

Ohun kan tún kù tí ó kan ẹ̀yin olùkọ́. Ìrìn ọmọdé kì í tán nígbà tí ọkọ̀ bá dúró. Ọmọ Àyèká tí ó dé ilé-ẹ̀kọ́ ní Èkó lánàá, ara rẹ̀ ti dé, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ ṣì wà lójú ọ̀nà. Ó ti fi ọ̀rẹ́ rẹ̀ àti ìyá-ìyá rẹ̀ sílẹ̀. Ó ń fọ èdè Ìkálẹ̀, àwọn ọmọ kíláàsì sì ń fi ohùn rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Bí ó bá dákẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹ má ṣe yára pè é ní òmùgọ̀. Ẹ bi í léèrè ohun tí wọ́n ń pe nǹkan ní ìlú rẹ̀, kí àwọn yòókù sì kọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀. Ẹ máa bọ̀ pẹ̀lú rẹ̀ jẹ́jẹ́.

Èrò tiwa nìyí lórí ìbéèrè tí a fi bẹ̀rẹ̀. Àgbà ni ó mọ ibi tí à ń lọ, òun ni kí ó yan ọ̀nà. Ṣùgbọ́n nítorí pé ọmọdé kò yan ìrìn náà, tí kò sì lè kọ̀ ọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ ni kí a fi díwọ̀n rẹ̀. Bí a kò bá ní agbára láti gbé ọmọ ní ìwọ̀n rẹ̀ lónìí, ẹ jẹ́ kí a sun ìrìn náà sí ọjọ́ tí a ó ní in. Kí Ọlọ́run, ẹni tí ó mú àwọn baba wa rin aginjù, kí ó máa ṣọ́ àlọ àti àbọ̀ gbogbo ọmọ wa, kí ó sì fún wa ní ọgbọ́n láti bá a ṣọ́ wọn.